Méjì àbí Ẹ̀ẹ̀mejì? Àṣìlò Oògùn Lójú Fèrèsé Apoògùn ní Kabba

"Hóró kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" àti "hóró méjì lójúmọ́": nínú ìṣirò, méjì náà ni. Nínú ara ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó gbọ́ èkejì lè da méjèèjì sẹ́nu láàárọ̀, kó má sì fọwọ́ kan oògùn mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Bí a bá sì kọ "1 × 2" sára ọ̀rá oògùn, ewo nínú méjèèjì ni a kọ?

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi irú àṣìlò yìí ru àìmọ̀wé aláìsàn. Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un lójú fèrèsé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ wo oògùn ibà. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ bí artemether-lumefantrine rọ́pò chloroquine. Nínú èyí tí hóró rẹ̀ jẹ́ 20/120 (mílígíráàmù artemether àti ti lumefantrine), hóró 4 ni àgbàlagbà ń lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 3: hóró 24. Nínú 80/480, hóró 1 péré ni lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 6. Orúkọ kan náà, oògùn kan náà. Ẹni tí "mẹ́rin-mẹ́rin" ti mọ́ lára láti ibà èṣí lè gbé ìlọ́po mẹ́rin mì. Ẹni tó bá fi ti 80 díwọ̀n ti 20 yóò lo ìdá kan nínú mẹ́rin, kòkòrò ibà yóò sì ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀. Wákàtí 8 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ló sì yẹ kó lo ìkejì. "Àárọ̀ àti alẹ́" kò sọ ìyẹn.

Ní Kabba, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ìpínlẹ̀ Kogi tí Kabba wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, kó àwọn ẹ̀yà Òkun, Ígálà àti Ébìrà pọ̀. Apoògùn lè jẹ́ ọmọ Ígálà, kí ìyá tó dúró níwájú rẹ̀ sì máa sọ Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kabba; Gẹ̀ẹ́sì tàbí pijin ni yóò wá di afárá láàárín wọn. (Yorùbá àjùmọ̀lò tí àwa akọ̀wé fẹ́ràn pàápàá kì í ṣe èdè ilé ìyá yẹn.)

Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu láti dín ewu ńlá tí àṣìlò oògùn ń fà kù ní ìdajì láàárín ọdún 5. Wọ́n ní àṣìlò yìí ń ná ayé ní bílíọ̀nù 42 dọ́là lọ́dọọdún. Ohun tí mò ń dábàá kò ná ilé ìwòsàn ní kọ́bọ̀: kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lo oògùn náà kó tó kúrò níbẹ̀. Àwọn kan yóò ní èrò ti pọ̀ jù lórí ìlà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣi oògùn lò yóò padà wá tò sórí ìlà kan náà, àìsàn rẹ̀ yóò sì ti le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin apoògùn àti ẹ̀yin oníkẹ́mísì, ẹ má kàn bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò dáhùn. Ẹ ní, "Ìyá, ẹ sọ fún mi bí ẹ ó ṣe lò ó."