Aṣọ Funfun ní Copacabana

Ẹni tó bá yá ilé ìsinmi ní Copacabana, ní ìlú Rio de Janeiro, yóò rí i pé ilé gogoro ló tò lọ bẹẹrẹ létí òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkè ló pààlà láàrin etíkun yìí àti ìgboro. Ọdún 1892 ni wọ́n gbẹ́ ihò la òkè náà já kí ọkọ̀ trámù lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n sì ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Copacabana Palace ní 1923, òkìkí ibẹ̀ kàn dé ibi gbogbo.

Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tọmọ ìlú tàlejò níí wọ funfun níbẹ̀. Ta ni ó mú un wá? Àwọn ẹlẹ́sìn Umbanda àti Candomblé ni. Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni wọ́n ti ń kó òdòdó, àbẹ́là àti lọ́fínńdà wá fún Yemọja. Nílé, odò Ògùn ni a mọ̀ mọ́ ọn; ní Brazil, òkun ni wọ́n ti ń bọ ọ́, òkun kan náà tí a gbà kó àwọn baba ńlá wọn lọ sóko ẹrú.

Nígbà tó yá, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ìjọba ìlú gbé iná aláràbarà àti orin dé, èrò di ọ̀kẹ́ àìmọye. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olórìṣà fi gbé ìbọ tiwọn ṣíwájú ọjọ́ náà. Aṣọ wọn kù lọ́rùn àlejò. Àwọn fúnra wọn ti yà fún èrò.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ níí gbẹ. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, kí ó mọ aṣọ ẹni tí ó wọ̀.