Ọdún Lùkúlùkú àti Iṣẹ́ Ìrànwọ́ Àwọn Ìjọ: Ẹ̀kọ́ fún Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti Agbègbè Wọn

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a bojú wẹ̀yìn díẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa yìí, kí a sì gbé ohun tí àwọn ìjọ Kristi ṣe yẹ̀ wò nígbà tí àjálù ńlá bá ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe pé a fẹ́ yin ìjọ kan ju èkejì lọ, bí kò ṣe kí a lè mọ ohun tí ó kù fún wa láti ṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń parí lọ, ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti ilẹ̀ Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana lónìí. Àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́, àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní influẹ́ńsà ti gba Èkó kan. Àwọn baba wa sọ ọ́ ní lùkúlùkú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń wọ ilé kiri láti wá aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá kúrò nílùú, tí wọ́n sì ń gbé àrùn náà lọ síbi tí wọ́n sá sí. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò àti oníṣòwò sì gbé e wọ ìgbèríko tí ojú irin kò dé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn òpìtàn, kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó ti pa ní Nàìjíríà.

Ohun tí ó mú kí òfò náà wúwo jù ni pé àwọn tí ó wà nínú agbára wọn, láti ẹni ogún ọdún dé ogójì, ni ó pa jù. Irú àwọn wọ̀nyí ni í kọ ebè, àwọn ni í wa iṣu, àwọn ni í pọnmi fún arúgbó àti ọmọdé. Òpìtàn D. C. Ohadike kọ ọ́ pé ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, àìsí ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ oko iṣu wà lára ohun tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ yíjú sí ẹ̀gẹ́, nítorí pé làálàá rẹ̀ kò tó ti iṣu. Àwa ọmọ Èkìtì, tí a mọ ipò tí iyán wà nínú ilé wa, kò nílò ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà náà ni àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ti Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara jọ fún àdúrà. Joseph Ṣàdáre ni olórí wọn. Olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, ẹni tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀ tí ó sì dìde, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ní a fi hàn òun pé kí àwọn aláìsàn máa lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Àwọn ni a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa omi òjò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí ará ń sá fún ará, tí ìjọba pàápàá kò sì ní oògùn tí ó lè wo àrùn náà, àwọn wọ̀nyí kò sá fún aláìsàn.

Ṣùgbọ́n èdè-àìyedè dé. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà nítorí ọ̀ràn ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti nítorí pé wọ́n kọ oògùn sílẹ̀. Láti inú irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni ìsọjí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú ọ̀nà ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1928. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì wọ́ tọ̀ ọ́ pẹ̀lú aláìsàn wọn.

Ọ̀ràn oògùn náà kò tán síbẹ̀. Kuiníìnì tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò sí ibà wà lára ohun tí ó ya àwọn àti Babalọlá, David Odùbánjọ àti Isaac Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955. Ìjọ tí àwọn wọ̀nyí dúró tì ni a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943 gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, CMS dá ilé ìwòsàn Ilé Abiyẹ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń bímọ láyọ̀.

Èrò tiwa ni pé ọ̀tún ni í wẹ òsì, òsì ni í sì í wẹ ọ̀tún. Ní 1918, kò sí oògùn tí a lè kọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó ti aláìsàn ti ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe. Lónìí tí oògùn wà, ẹni tí ó bá fi àdúrà lé oògùn jáde kò tẹ̀lé ìṣísẹ̀ àwọn ti ọdún lùkúlùkú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà wọ Èkìtì, tí a sì ti ilé ìjọsìn pa, a rí i pé títì ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú lè jẹ́ iṣẹ́ àánú, bí a kò bá ti ọwọ́ ìrànwọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará ilé àti ti ìdálẹ̀, àjálù kò jìnnà sí wa. Ọdọọdún ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ń ṣí òrùlé; bí ó bá sì dé, kì í bi onílé bóyá ará Áńgílíkà ni, tàbí Kátólíkì, tàbí Aládùúrà, tàbí Mùsùlùmí. Nítorí náà, láti ẹsẹ̀ Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Emùré, a dá a lábàá pé kí àwọn ìjọ inú ìlú kọ̀ọ̀kan pa owó pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo fún ọjọ́ àjálù. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn arúgbó tí ń dá gbé sílẹ̀, kí a lè mọ ilé tí a óò kọ́kọ́ kàn. Kí ẹ̀yin tí ó wà ní ìdálẹ̀ sì máa fi owó tiyín ránṣẹ́ kí ìròyìn òfò tó kàn yín lára.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ọdún lùkúlùkú mìíràn. Bí ìpọ́njú bá sì dé, kí ó bá wa ní ìmúra. Àmín.