Àbàwọ́n funfun nínú ẹnu: ohun tí lásà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Ọ̀rọ̀ ẹnu la mú wá fún ẹ̀yin ará wa ní Abakpa Nike lónìí, torí pé ẹnu ni gbogbo àwa tá a wà nínú ọjà fi ń ná, òun náà la sì fi ń jẹun.

Kí ni àbàwọ́n yìí?
Ó máa ń yọ lórí ahọ́n, lábẹ́ rẹ̀ tàbí nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í sábà dunni, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé nù kúrò. Leukoplakia ni àwọn dókítà ń pè é. Ernő Schwimmer, dókítà awọ ara ní Hungary, ló fún un lórúkọ yìí ní 1877. Irú rẹ̀ tó pupa, ìyẹn erythroplakia, léwu jù ú lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó funfun kì í di jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú lásán ò lè mọ èyí tó máa dà á.

Kí ló ń fà á?
Tábà ni ọ̀gá wọn: sìgá, tábà jíjẹ, àti áṣáà tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Ọtí líle bí ògógóró, tí wọ́n ń pè ní kai-kai níbí, náà ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ẹnu. Ẹni tó bá da tábà àti ọtí pọ̀, ewu tiẹ̀ le jù.

Báwo ni lásà ṣe ń ṣiṣẹ́?
Ìmọ́lẹ̀ tó lágbára gan-an ni. Theodore Maiman ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1960. Kumar Patel, ọmọ Íńdíà, ṣe irú èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ CO2 níbẹ̀ ní 1964, òun ni wọ́n sì ń lò jù fún ẹnu. Dókítà á fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó má bàa dunni. Ìmọ́lẹ̀ náà á mú omi inú ẹran ibẹ̀ hó, àbàwọ́n á sì gbẹ lọ bí èéfín. Ooru rẹ̀ ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, torí náà ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra
Ohun tó bá ti di èéfín ò ṣeé yẹ̀ wò mọ́. Torí náà, kí wọ́n tó sun ún, dókítà gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Bó bá ti di jẹjẹrẹ, ìtọ́jú ẹ̀ yàtọ̀. Èkejì, àbàwọ́n yìí lè padà wá, jẹjẹrẹ sì ṣì lè yọ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ jáwọ́ nínú tábà, kí ẹ sì máa padà lọ fún àyẹ̀wò.

Ibo la lè lọ?
Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní lásà, ọ̀bẹ náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn dókítà eyín wà ní UNTH, tó ti kó lọ sí Ituku-Ozalla láti 2007.

A mọ̀ pé ọjọ́ tá ò bá ṣí ìsọ̀, owó ń lọ. Síbẹ̀, egbò tàbí àbàwọ́n ẹnu tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má fi oògùn ọjà tì í. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ sọ fún àwọn àgbà wa tó ń fi áṣáà sẹ́nu.