Ẹ̀tù àti Ọ̀pá Ìbọn: Bí Orúkọ Metford Ṣe Kúrò Lára Ìbọn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1888 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìbọn tuntun kan fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ọta rẹ̀ tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ púpọ̀, nítorí pé bí a bá pín ínṣì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ihò inú ọ̀pá ìbọn náà kò ju 303 nínú rẹ̀ lọ. Ìdí ni a ń gbà ki í. Irin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ogun ń gbé sókè, tí ó ń fà sẹ́yìn, tí ó sì ń tì padà, gẹ́gẹ́ bí a ti í ti ìdábùú ilẹ̀kùn. Láìpẹ́ a fi orúkọ ènìyàn méjì pe ìbọn náà: Lee-Metford. James Paris Lee, ẹni tí a bí ní Hawick ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1831 tí ó sì dàgbà ní Kánádà, ni ó ni ọgbọ́n irin ìtìdí náà àti àpótí kátíríìjì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. William Ellis Metford, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ni ọgbọ́n inú ọ̀pá. Ọdún méje kò tíì pé tí orúkọ Metford fi kúrò, tí a sì fi Enfield, orúkọ ibi tí ilé ìrọbọn ìjọba wà, dí àyè rẹ̀. Orúkọ Lee kò kúrò ní tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí ní kánkán yóò rò pé iṣẹ́ Metford ni kò dára. Gbólóhùn kan ni ọ̀pọ̀ ìwé ń fi parí rẹ̀: ọ̀pá rẹ̀ ń tètè jẹ, a sì fi èyí tí ó sàn jù rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń tètè jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ ẹ́ kì í ṣe ohun tí a rọ ọ́ fún.

Nígbà tí à ń wí yìí, ìbọn tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ṣakabùlà, èyí tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán gbọ̀ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ń lo ṣakabùlà ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ẹ̀tù; bí ẹ̀tù bá tutù, ó mọ̀; bí ọta kò bá bára mu, ó mọ̀. Ní ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn Ekìtìparapọ̀ rí ìbọn tí à ń ki láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ènìyàn wọn tí ó wà ní Èkó, ó sì fún àwọn ará Ìbàdàn ní ìyọnu púpọ̀. Síbẹ̀, ìbọn bẹ́ẹ̀ kò ní í gba ẹ̀tù inú àdò. Kátíríìjì ni oúnjẹ rẹ̀: idẹ, ẹ̀tù, ọta àti ìdáná, gbogbo rẹ̀ lójú kan, láti ọwọ́ ẹni tí ẹni tí ń yìnbọn kò mọ̀ rí. Agbára láti yan ẹ̀tù ti kúrò lọ́wọ́ jagunjagun, ó ti bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́. A kò tíì tú bùdó Kírìjì ká nígbà tí irú agbára yìí fi ń da ọ̀ràn Metford rú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlà ni a ń gbẹ́ sí inú ọ̀pá irú ìbọn tí à ń sọ yìí, ìlà tí ó ń yí lọ láti ìdí dé ẹnu. Ọta tí a fi agbára tì gba inú rẹ̀ kọjá yóò máa pòòyì bí òkòtó, ohun tí ó bá sì ń pòòyì kì í tètè yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ ìbọn ni wọ́n ti mọ èyí tipẹ́. Ìṣòro wọn ni èérí. Nígbà tí ẹ̀tù dúdú bá jó, ohun tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni kì í di èéfín. Eérú líle ni ó ń dà, tí ó ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, pàápàá jù lọ ní igun àwọn ìlà náà. Lẹ́yìn ìyìn mélòó kan, ọta kò ní í rí ìlà tí yóò tẹ̀ lé mọ́. Metford fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú sí èyí. Ó mú kí ìlà náà pọ̀ tó méje, kí wọn má jìn, kí igun wọn sì ṣe róbótó, kí ọta tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa gbá èérí ti iwájú dànù. Ó sì fi ohun mìíràn pọ̀ mọ́ òjé kí ọta lè le. Àwọn tí ń fi ìbọn díje ní pápá Wimbledon mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ìbọn tí a rọ ní ọ̀nà tirẹ̀ gba ẹ̀bùn púpọ̀ níbẹ̀. Fún ẹ̀tù dúdú, ó ṣòro láti rí ọ̀pá tí ó mọ́gbọ́n wá jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú ń kú lọ ní àkókò yẹn gan-an. Ilẹ̀ Faransé ti ní ẹ̀tù tí kì í rú èéfín láti nǹkan bí ọdún 1884, wọ́n sì ti rọ ìbọn sí i ní 1886. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé àwọn náà yóò ní irú rẹ̀. Wọn kò kàn tíì ní in ni. Nítorí náà wọ́n yan ọ̀pá kí wọ́n tó yan ẹ̀tù. Ẹ̀tù dúdú tí ó tó 71½ grain ni wọ́n tẹ̀ mọ́ra bí ọṣẹ, tí wọ́n sì kì sínú idẹ kékeré ti ìbọn tuntun náà. Ó ń ta ọta rẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1,850 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èéfín rẹ̀ sì ń bo gbogbo ojú pápá.

Ní ọdún 1889 ni Frederick Abel àti James Dewar ṣe ẹ̀tù tuntun tí a ń pè ní kọ́dáìtì, nítorí pé ó rí bí okùn. Òwú tí a fi ásíìdì sọ di ohun tí ń bú gbàmù kó ìpín 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Nitroglycerin kó 58. Vaseline kó 5 tí ó kù. Alfred Nobel pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ọgbọ́n òun ni wọ́n jí, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi ní 1895, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré tí ó ti kọ sínú ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ nípa irú òwú tí a ó lò. Ìtàn nìyẹn lọ́tọ̀. Ohun tí ó kan ọ̀ràn yìí ni pé láti nǹkan bí 1892 ni kọ́dáìtì ti ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó ní ìbọn Lee-Metford.

Èéfín lọ, èérí lọ, ọta sì ń yára sí i. Ooru ni kò lọ. Nitroglycerin tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń jó pẹ̀lú iná tí ó gbóná kọjá ti ẹ̀tù dúdú. Atẹ́gùn gbígbóná yìí ń tú jáde ní ọ̀fun ọ̀pá, níbi tí ọta ti kọ́kọ́ ń wọ inú ìlà, ó sì ń họ irin ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀gbàrá ti í họ ẹ̀bá ọ̀nà. Ìlà tí Metford mú kí ó má jìn, tí ó sì yọ igun rẹ̀ kúrò, kò ní ohun púpọ̀ tí yóò pàdánù kí ó tó parẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 6,000 ìyìn, ọ̀pá náà ti di aláìwúlò. Ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n fún ẹ̀tù àná wá di àléébù fún ẹ̀tù òní.

Àwọn oníṣẹ́ Enfield wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé níwọ̀n ìgbà tí èérí kò sí mọ́, kò sí ìdí tí a fi ní láti bẹ̀rù igun. Wọ́n gbẹ́ ìlà márùn-ún, tí ó jìn ju ti Metford lọ, tí igun rẹ̀ sì ṣe ṣánṣán. Ní 1895 ni a fọwọ́ sí i. Ara ìbọn kò yí padà, irin ìtìdí Lee kò yí padà. Ọ̀pá nìkan ni, àti orúkọ. Nínú gbogbo èyí, bí a bá ń wá ẹni tí ó jẹ̀bi, àwọn tí ó rán ìbọn lọ sí ogun kí oúnjẹ rẹ̀ tó jinná ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Metford wà láàyè tí ó rí i. Ọdún 1899 ni ó kú.

Irin kò rọrùn láti jù nù. Ọ̀pá ìbọn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ara ìbọn. A gbẹ́ ìdí rẹ̀ bí ìdè onílà, a sì ń yí i wọ inú ara ìbọn títí yóò fi le pinpin. Èyí tí a yí wọ̀, a lè yí i jáde. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ Lee-Metford ni kò kú, ọ̀pá tuntun ni wọ́n gbà. Nígbà tí ìjọba tún fẹ́ ìbọn kúkúrú kan tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin yóò jọ máa lò, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 25 ínṣì àti díẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i ní 1903 pé kí á kó ìbọn gígùn ti àtijọ́ wá, kí á sì fi ọ̀pá kúkúrú sí wọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé ìbọn kan náà lè ti jẹ́ Metford kí ó tó di Enfield.

Iṣẹ́ yìí kò dà bí àtiyí ìdérí ìgò. Ogun ilẹ̀ South Africa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1899, fi èyí hàn. A rí i pé ọ̀pọ̀ nínú Lee-Enfield tí a kó lọ síbẹ̀ ni irin ìfojúsùn iwájú wọn kò wà ní àyè rẹ̀ gan-an, tí ọta fi ń bọ́ sí apá ọ̀tún ní nǹkan bí ínṣì 18 bí ọ̀nà bá jìn tó 500 yáàdì. Ọmọ ogun tí ó fojú sun àyà ọ̀tá ń yìnbọn sí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀tù náà gba àtúnṣe tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni a dín nitroglycerin inú kọ́dáìtì kù sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì fi òwú náà kún un dé 65. Iná rẹ̀ rọlẹ̀, ọ̀pá sì ń pẹ́ sí i. Ní 1910 ni ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó dé, tí ó wọn 174 grain, tí ó ń sáré 2,440 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ó ja ogun àgbáyé méjèèjì. Nígbà ogun kejì, tí kò sí àyè àti tún ìlà márùn-ún gbẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà gbẹ́ ìlà méjì péré sínú ọ̀pá, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó tó fún iṣẹ́ ogun. Méje, márùn-ún, méjì: ẹni tí ó bá ń jiyàn lórí iye ìlà lè fi èyí sínú àpò.

Ìbọn Lee-Enfield yìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ sí Burma láàárín 1943 sí 1945, nínú Ìpín Ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀, òjò àti ìdáná ni ọ̀tá ọ̀pá ju ooru lọ. Nínú ìdáná kátíríìjì ìgbà náà ni ohun kan wà tí ń di iyọ̀ lẹ́yìn tí ó bá jó, iyọ̀ sì ń fa omi mọ́ra. Nínú igbó tí ó tutù bí ti àfonífojì Kaladan, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò ní í dé kí ìpẹtà tó mú inú ọ̀pá. Òróró nìkan kò lè yọ iyọ̀. Omi gbígbóná ni òfin ní kí a dà sínú ọ̀pá kí a tó fi okùn àti àkísà nù ún. Nínú igbó tí omi mímu gan-an ti ṣọ̀wọ́n nígbà mìíràn, òfin yìí kò rọrùn láti pa mọ́.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn mìíràn ní 1954, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Lee-Enfield bọ́ sí ọwọ́ ọdẹ àti àwọn tí ń fi ìbọn díje ní Kánádà, Australia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pá púpọ̀ nínú wọn ti jẹ, kátíríìjì tuntun sì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọdẹ ṣakabùlà ń ṣe ṣe padà dé: kí ẹni tí yóò yìnbọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ẹ̀tù. Wọ́n ń ṣa idẹ tí a ti yìn, wọ́n ń fi ìdáná tuntun sí i, wọ́n ń wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré, wọ́n sì ń ti ọta sí i lẹ́nu. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè; iye tí ó kéré nínú ìwé àwọn tí ó ṣe ẹ̀tù ni wọ́n ń mú ṣáájú, tí wọ́n ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wo idẹ lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan.

Àléébù kan wà lára ìbọn Lee tí àwọn wọ̀nyí tètè mọ̀ ju ọmọ ogun lọ. Ẹ̀yìn ni irin ìtìdí rẹ̀ ti ń di ara ìbọn mú, kì í ṣe iwájú bíi ti Mauser ti ilẹ̀ Jámánì. Bí ẹ̀tù bá jó, irin náà ń fún pọ̀ díẹ̀, idẹ sì ń nà. Ọmọ ogun kò bìkítà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń lo idẹ. Ẹni tí ó fẹ́ lò ó nígbà márùn-ún yóò rí i pé ó ń sán ní òkè ìdí rẹ̀. Nítorí náà, wọn kì í fún gbogbo ara idẹ náà padà, ọrùn rẹ̀ nìkan ni, kí ìyókù lè máa bá inú ìbọn tí ó ti mọ̀ ọ́n mu. Ẹni tí ó bá sì yí ọ̀pá tuntun sí ìbọn No. 4 gbọ́dọ̀ wọn àyè tí ó wà láàárín irin ìtìdí àti ìdí kátíríìjì. Orí irin ìtìdí náà ṣeé pààrọ̀. A ti kọ nọ́ńbà sí i láti 0 dé 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju èyí tí ó ṣáájú lọ díẹ̀, kí oníṣẹ́ lè yan èyí tí ó bá àyè náà mu.

Ìjọba pàápàá padà sí ìdí ọgbọ́n yìí. Wọ́n ti dán an wò ní àwọn ọdún 1960 láti fi ọ̀pá tí ń gba kátíríìjì 7.62 ti NATO sí No. 4, kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní 1970 ni Enfield wá mú ìbọn àwọn atamátàsé tí ó kù láti ìgbà ogun Hitler, wọ́n yí ọ̀pá àtijọ́ jáde, wọ́n yí ọ̀pá nínípọn wọ̀ ọ́, wọ́n gé igi iwájú rẹ̀ kúrú kí ó má bà á fi ara kan ọ̀pá, wọ́n sì pè é ní L42A1. Ó wà ní erékùṣù Falkland ní 1982, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ó sì fi kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Lára àwọn tí ó ṣì wà, a lè rí ọdún méjì tí a tẹ̀ sí irin kan náà: 1944 tàbí 1945, ọdún tí a rọ ara ìbọn, àti 1970 tàbí 1971, ọdún tí ó gba ọ̀pá tuntun.