Àlùbọ́sà, Àlìkámà àti Ìkòkò Harira

Ní oṣù kejì ọdún 2023, Mòrókò dá kíkó tòmátì, àlùbọ́sà àti pòtétò lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dúró. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń gba ẹnubodè Guerguerat wọ Mauritania, kí wọ́n tó forí lé Senegal àti Mali, ni àṣẹ náà kọ́kọ́ kàn. Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ọ̀wọ́n gógó ti bá ọjà nílé, àwẹ̀ Ràmàdáánì kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ mọ́. Ìdílé tí kò bá rí tòmátì àti àlùbọ́sà rà ní Fez tàbí Casablanca lásìkò àwẹ̀, harira ni kò rí sè yẹn, ìṣínu tí kò sì ní harira nínú kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ìṣínu lójú àwọn ará ibẹ̀.

Harira ni ọbẹ̀ lẹ́ńtílì tó ki, tó pupa, tí òórùn rẹ̀ máa ń gba àdúgbò kan nírọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ìpè ìrun Màgàríbà sì dún, wọn a jẹ dàbínù, wọn a sì gbé àwo ọbẹ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lú chebakia, ìyẹ̀fun dídín tí wọ́n rì sínú oyin. (Al-Maghrib, ibi tí oòrùn ń wọ̀, ni orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ní èdè Lárúbáwá. Orúkọ ìrun náà àti orúkọ ilẹ̀ náà, ọ̀kan ni wọ́n.)

Ọbẹ̀ àtayébáyé ni a sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́n-ín-gbọ́n-ín pẹ́ lóòótọ́. Nínú àwọn ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àtijọ́, harira kì í ṣe ọbẹ̀ pupa rárá. Ìyẹ̀fun tí a fi wàrà tàbí ọ̀rá sè ni, ohun mímu gbígbóná fún ikùn tó ṣófo. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ṣínu rí ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin yóò lóye rẹ̀ láìsí àlàyé. Àwọn kan ní láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ooru ni orúkọ náà ti jáde. Àwọn mìíràn ní láti inú harir, ìyẹn ṣẹ́dà, nítorí bí ó ṣe máa ń dán tí ó sì máa ń yọ̀ lọ́fun. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú èrò kejì ni pé ara harir yìí kan náà ni Hausa ti rí alharini, ṣẹ́dà pupa tí wọ́n ń kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì tọpa orúkọ àlàárì wa dé.

Lẹ́ńtílì dàgbà ju orúkọ náà lọ. Ó lé ní 8,000 ọdún tí wọ́n ti ń gbìn ín ní Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Onígbàgbọ́ mọ̀ ọ́n nínú ìtàn Ísọ̀ àti Jékọ́bù; mùsùlùmí mọ̀ ọ́n nínú Súrà kejì Kùránì, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń béèrè lẹ́ńtílì àti àlùbọ́sà lọ́wọ́ Músá. Nígbà tí Ibn Razin al-Tujibi, ọmọ Murcia ní Àndálúsíà, kọ ìwé oúnjẹ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ó ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀wà, chickpea àti lẹ́ńtílì. Kò sí tòmátì níbẹ̀. Kò lè sí i.

Ilẹ̀ Mexico ni tòmátì wà nígbà náà, tí àwọn Aztec ń pè é ní tomatl. Ní 1492, Granada, ìlú ọba mùsùlùmí tó kẹ́yìn ní Sípéènì, ṣubú. Ọdún náà ni wọ́n lé àwọn Júù, ọdún náà sì ni Columbus ṣíkọ̀. Ní 1521, àwọn ará Sípéènì gba olú-ìlú Aztec. Láàárín 1609 àti 1614, wọ́n lé ìyókù àwọn ọmọ mùsùlùmí jáde, ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀ dó sí Tetouan, Fez, Rabat àti Salé. Sípéènì tó lé wọn ni orúkọ èso tuntun náà ti tọ̀ wọ́n wá: maticha ni ará Mòrókò ń pè é títí dòní, láti inú tomate. Èso tó fún harira ní àwọ̀ tí gbogbo ayé fi dá a mọ̀ ni ó kẹ́yìn dé.

Àwa náà ní ìpín nínú ìrìn àjò yìí, kì í ṣe nínú ọbẹ̀ náà bí kò ṣe nínú orúkọ àwọn èròjà rẹ̀. Àlùbọ́sà wá láti inú al-basal, àlìkámà láti inú al-qamh, Hausa sì ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu àwọn tó ń ra ọjà, tí wọ́n sì ń tà á, ni wọ́n bá wá.

Ẹni tó bá fẹ́ sè é nílé fún ènìyàn mẹ́fà, kí ó rẹ ààbọ̀ ife chickpea sómi mọ́jú. Kí ó gé ẹran àgbò wẹ́wẹ́, kí ó dín in díẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà ńlá kan àti ewé sẹ́lẹ́rì nínú òróró ólífì. Ṣíbí kékeré kan atalẹ̀ gígún, ààbọ̀ ṣíbí atalẹ̀ pupa, ata dúdú díẹ̀ àti èèpo igi kínnámónì kan ni yóò tẹ̀ lé e. Kí ó rin tòmátì mẹ́fà sí i, kí ó da chickpea náà sí i pẹ̀lú omi lítà méjì, kí ó sì fi í sórí iná fún bí ìṣẹ́jú 45 kí ó tó da ife lẹ́ńtílì kan sí i. Lẹ́ńtílì kì í pẹ́ jinná. Ìdajì wákàtí tó o. Ẹ má ṣe sọ ata rodo sí i, bí ó ti wù kí ọwọ́ máa yún yín tó.

Iṣẹ́ tó le jù ni tedouira: ṣíbí ńlá mẹ́ta ìyẹ̀fun àlìkámà tí a pò mọ́ omi ife kan. Àwọn ilé kan a fi í sílẹ̀ mọ́jú kí ó kan díẹ̀, bí a ti ń ṣe ògì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dà á sí i, a kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ rírò dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò di kókó. Bí ó bá ti ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ó tó. Ewé kóríáńdà gígé ló kẹ́yìn, kí a tó fún ọsàn kíkan sí i nínú àwo. Èyí ni harira àtijọ́ tí ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń wí. Ó ṣì wà nínú ìkòkò, ìyókù ló bá a níbẹ̀.

Ní 2020, nígbà tí UNESCO kọ couscous sínú àkójọ ohun àjogúnbá, Algeria, Mauritania, Mòrókò àti Tunisia ni wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí harira pàápàá, tiwa ni ni àwọn ará Tlemcen àti Oran ní Algeria ń wí, àwọn Júù Mòrókò sì máa ń fi í ṣínu àwẹ̀ Yom Kippur. Nítorí náà ni àṣẹ ọdún 2023 ṣe ń ṣe mí ní kàyéfì. Mo lóye ìjọba tí kò fẹ́ kí ebi pa aláwẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí wọ́n ti ẹnubodè nítorí rẹ̀, ẹnubodè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà wọlé. Lẹ́ńtílì, àgbà inú ìkòkò náà, ti di àlejò báyìí: bí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń dín ìkórè wọn kù léraléra, Kánádà ni púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń sè ní Mòrókò ti ń wá, nínú ọkọ̀ ojú omi.