Láti Abísínwín dé Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Ìtàn Ìtọ́jú Ọkàn Abiyamọ ní Ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú Àkíyèsí sí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn ìtọ́jú àìsàn ọkàn tí ó máa ń bá obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ní ilẹ̀ Yorùbá. A fi hàn pé àìsàn tí ó ń pariwo ni èdè wa fún ní orúkọ, òun náà ni ìjọba kọ́kọ́ kọ́ ilé fún. Èyí tí kò pariwo pẹ́ kí ó tó rí ẹni tí yóò bi í léèrè. A gba Yábàá, Arò, Ìbàdàn, Iléṣà àti Ìlọrin kọjá kí a tó fi àbọ̀ sí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Èrò wa ni pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè wà nínú ìtọ́jú náà.

Ìfáárà

Bí obìnrin bá bímọ láàárín àwọn Yorùbá, kíkí ni tẹbí tará fi ń pàdé rẹ̀. Wọn a ní, 'Ẹ kú ewu ọmọ'. Wọn a ní, 'Ẹ kú ọwọ́ lómi'. Kíkí àkọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ewu wà nínú ìbímọ. Èkejì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ìyá ìkókó. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ewu tí ó ti kọjá ni a ń kí i kú, ìdáhùn kan ṣoṣo ni a sì ń retí lẹ́nu rẹ̀, èyí ni ọpẹ́. Kí ni kí ó wí bí ayọ̀ náà kò bá dé inú rẹ̀? Kí ni kí ó wí bí omijé bá ń bọ́ láìnídìí, bí oorun bá kọ̀ tí kò wá nígbà tí ọmọ pàápàá ń sùn, bí ẹ̀rù bá ń bà á lójoojúmọ́ pé ọmọ náà yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́?

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pín ọ̀ràn yìí sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ẹkún àti ìkanra tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, tí ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí ó máa ń ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí àníyàn àti ìfòyà sì sábà máa ń bá a rìn. Ẹ̀kẹta ni ìsínwín gan-an. Èyí kò wọ́pọ̀, nítorí nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, ẹyọ kan tàbí méjì ni ó máa ń mú un wá, ṣùgbọ́n ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Èkejì ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò ṣeé sọ láìsọ ti ẹ̀kẹta.

Abísínwín: Orúkọ àti Àìlórúkọ

Yorùbá ní orúkọ fún ìsínwín lẹ́yìn ìbímọ. Abísínwín ni. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà hàn kedere: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-', ọ̀rọ̀-ìṣe 'bí', àti ọ̀rọ̀-ìṣe 'sínwín'. Orúkọ yìí jẹ́rìí sí i pé àwọn baba ńlá wa ti kíyè sí i pé ìbímọ lè dá wàhálà sílẹ̀ lọ́kàn obìnrin. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn Gáńdà ní ilẹ̀ Ùgáńdà ní 'amakiro' fún ohun tí ó jọ ọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, Louis-Victor Marcé kọ odidi ìwé lórí àìsàn ọpọlọ àwọn aláboyún àti abiyamọ ní ọdún 1858.

Ṣùgbọ́n abísínwín kò kan obìnrin tí ó ń fọ́ ọmú fún ọmọ, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó ń dá ẹni tí ó kí i lóhùn, tí inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Èyí kò ní orúkọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers kọ ọ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni àbọ̀ ìwádìí tí Alexander Leighton, Thomas Adéoyè Lambo àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣe láàárín àwọn Yorùbá ní agbègbè Abẹ́òkúta jáde. Wọ́n rí i pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn tí kò ní orúkọ kan pàtó fún un. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́: àìlórúkọ nǹkan kì í ṣe àìsí rẹ̀.

Láti Yábàá dé Arò

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé wèrè Yábàá. Àtìmọ́lé ni ó jẹ́ ju ilé ìtọ́jú lọ. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bá ń da àwùjọ láàmú ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Òfin ọdún 1916, tí a tún kọ ní 1958, sì tì í lẹ́yìn. Abísínwín tí ó já sí ìgboro lè dé Yábàá. Abiyamọ tí ó ń sunkún nínú yàrá kò lè dé ibẹ̀, kò sì yẹ kí ó dé ibẹ̀. Lónìí, Yábàá ti di ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìtìjú ìgbà náà kò tíì tán. Lẹ́nu àwọn ará Èkó, 'Yaba Left' ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà fún ilé wèrè.

Ìyípadà kan bẹ̀rẹ̀ ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Lambo kò dúró kí ilé ìwòsàn náà parí. Ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé àyíká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì padà sí ibùwọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹbí kan dání, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa bá a gbé. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tí Arò fi kọ́ wa ni pé ìbátan ẹni wà lára oògùn. Síbẹ̀, ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ayé ni Arò náà ń gbà. Ẹni tí ó dákẹ́ ṣì wà nílé.

Ìbéèrè Mẹ́wàá

Ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó dákẹ́ ni ìbéèrè. John Cox, dókítà ará Bìrìtìkó tí ó ti ṣe ìwádìí láàárín àwọn aláboyún ní Ùgáńdà, tí ó sì ti kọ̀wé lórí amakiro, padà sí Edinburgh. Ní ọdún 1987, òun, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky gbé ìbéèrè mẹ́wàá jáde. Abiyamọ ni yóò dáhùn wọn nípa bí ọkàn rẹ̀ ti rí láàárín ọjọ́ méje tí ó kọjá. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí lè lò wọ́n. Kò di dandan kí ó jẹ́ dókítà ọpọlọ.

Ní ilẹ̀ wa, Adéríbigbé, Gúrèjé àti Ọmígbọ̀dún (1993) wádìí ọ̀ràn náà ní Ìbàdàn. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin náà ni ọkàn wọn kò balẹ̀ nígbà oyún; lẹ́yìn ìbímọ, ó di ìdá 14. Kókó kan wà níbẹ̀: fún ọ̀pọ̀ obìnrin, inú oyún ni ìnira ti bẹ̀rẹ̀. Ní Iléṣà, Adéwùyà àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (2005) bi abiyamọ 876 léèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì rí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì lára ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Ìlọrin, Abíọ́dún (2006) rí ìdá 18.6 láàárín abiyamọ 360.

Lára ohun tí ó bá ìrẹ̀wẹ̀sì rìn ní Iléṣà ni iṣẹ́ abẹ ìbímọ, bíbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àìní ọkọ nílé, àti bíbí ọmọbìnrin. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí yẹ kí ó kó ìrònú bá wa. Ẹbí kan náà tí ń wẹ ọmọ, tí ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá, tí ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún un títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, lè máa béèrè ọmọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé àṣà nìkan tó oògùn kò tíì sọ òtítọ́ tán.

Ìtọ́jú nípa Ọ̀rọ̀ Sísọ

Láti ọdún 2013 ni Gúrèjé àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ ńlá kan ṣe ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 29 ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Àwọn aláboyún 686 tí wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó kópa. Àwọn agbẹ̀bí tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ ni ó tọ́jú wọn. Ẹgbẹ́ kan gba ìmọ̀ràn àti àbójútó tí kò le. Ẹgbẹ́ kejì gba ìyẹn pẹ̀lú ìjókòó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ, níbi tí obìnrin àti agbẹ̀bí yóò ti jọ to ìṣòro rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí wọn yóò mú ọ̀kan, tí wọn yóò wá ọ̀nà àbáyọ sí i, tí wọn yóò sì yẹ àbájáde rẹ̀ wò nígbà mìíràn. Àbọ̀ náà jáde ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, ara ti yá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ kejì àti ìdá 66 nínú ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Kò sí ẹgbẹ́ tí a kò tọ́jú rárá nínú ìwádìí yìí, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ìyànjú náà fún ìtọ́jú nìkan. Ṣùgbọ́n ó hàn pé agbẹ̀bí inú àdúgbò lè ṣe iṣẹ́ náà. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti jáde ní Pakistan ní ọdún 2008, níbi tí Atif Rahman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera tí ń lọ láti ilé dé ilé.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Òṣòdì jẹ́ oríta. Ojú irin, ọ̀nà Agége àti ọ̀nà Àpápá pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ìkókó tí ó wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni ìyá rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Ìyá àgbà lè wá fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, kí ó sì padà sídìí ọjà tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò wà nítòsí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí Arò. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ìtọ́jú kò jìnnà: ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀, ilé ìwòsàn Yábàá ní ẹ̀ka ní Òṣòdì, ètò MeHPriC tí Adéwùyà wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ sì ti mú ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó gba ipò òfin àtijọ́.

Kí ni ó wá kù? Ọ̀rọ̀ ni. Obìnrin tí ó bá rò pé abísínwín ni orúkọ kan ṣoṣo tí ó wà fún ohun tí ń ṣe òun kò ní sọ ọ́ jáde, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní wèrè, kí wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Bí a bá bi í léèrè pé, 'Ṣé ọkàn rẹ dàrú?', yóò ní rárá. Bí a bá ní, 'Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ọkàn yín ń balẹ̀? Ṣé ohun tí ń pa yín lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín?', ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọ̀ yìí fi hàn pé ilé ni a kọ́kọ́ kọ́, ẹbí ni a mú wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, ìbéèrè ni ó sì dé kẹ́yìn. Ìbá dára bí ìbéèrè bá ti ṣáájú. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Olùkọ́ Yorùbá ni ó lè bá àwọn agbẹ̀bí wá gbólóhùn tí kò ní dójú ti abiyamọ, tí yóò sì yé àti ará Ìsọlọ̀ àti ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì wá. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó ń ka iṣẹ́ yìí náà lè di ìyá ìkókó lọ́la, tàbí kí ó rí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó padà sí kíláàsì lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì dà bí ẹni àná mọ́. Kí ó kí i kú ewu ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó tì í, kí ó bi í bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí ìdáhùn náà bá wúwo, kí ó bá a dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.