Bí Mandela ṣe rí ọ̀rẹ́ ní fásitì tí kò gba aláwọ̀ dúdú láyè láti ṣeré

Bí ọmọ ẹni bá ń wọ fásitì, ohun méjì ni òbí sábà máa ń gbàdúrà fún: kó yege, kó má sì kó ẹgbẹ́ burúkú.

Ní Nàìjíríà, jambite tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò bá rìn. Ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí ọmọ ìlú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Johannesburg lọ́dún 1943, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń yan ọ̀rẹ́ tó máa bá ṣeré. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ ibi tó lè sùn àti ọkọ̀ tó lè wọ̀.

Ọdún náà ni Nelson Mandela, ẹni ọdún 24, forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní fásitì Witwatersrand, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Wits. Òun nìkan ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin náà.

Kíláàsì ṣí, ibi ìgbafẹ́ tì

Wits wà lára ìwọ̀nba fásitì ní South Africa tó ń gba aláwọ̀ dúdú àti ará Íńdíà láyè láti jókòó sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú aláwọ̀ funfun. Ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Àmọ́ bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, ọ̀nà yà. Aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fásitì, kò gbọdọ̀ bá wọn díje lórí pápá eré ìdárayá, kò sì lè bá aláwọ̀ funfun gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà.

Lọ́rọ̀ kan, ẹ lè jọ kàwé, ẹ kò gbọdọ̀ jọ ṣeré.

Nínú kíláàsì gan-an, ara kò rọ gbogbo ènìyàn. Nínú ìwé Long Walk to Freedom tí Mandela kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ó ní ọjọ́ kan wà tí òun pẹ́ dé kíláàsì. Bí òun ṣe jókòó báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ jókòó síbi tó jìnnà.

Fúláàtì nọ́ńbà 13

Ibi tí fásitì ti ilẹ̀kùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí òmíràn.

Ismail Meer, ọmọ South Africa tí ìran rẹ̀ wá láti Íńdíà, ń gbé ní fúláàtì nọ́ńbà 13 ní Kholvad House, ní àárín gbùngbùn Johannesburg. Ibẹ̀ ni Mandela, J.N. Singh, Ahmed Bhoola àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń pàdé.

Wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n ń jiyàn nípa òṣèlú, wọ́n sì ń jó di ààjìn. Bí ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn sí Orlando, níbi tí Mandela ń gbé, bá ti lọ, á kúkú sùn síbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní London, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kì í ti í tètè rí ilé yá, Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ lọ́dún 1925. Nígbà tó di 1933, wọ́n ṣí ilé ìgbé tiwọn. Ẹni tó wá wá ibi tó máa sùn bá ara rẹ̀ nínú ìjà òmìnira.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Mandela náà. Ní Wits ló ti mọ Ruth First, Joe Slovo, George Bizos àti Bram Fischer, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun.

Lásìkò yẹn, èrò Mandela ni pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà dá ìjà wọn jà, kí wọ́n má da á pọ̀ mọ́ ti àwọn kọ́múníìsì. Ó jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé nígbà tí òun rí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ bíi Meer àti Ruth First ń fi du ara wọn, ó ṣòro fún òun láti máa kórìíra ẹgbẹ́ wọn mọ́.

Ìjà inú tráàmù

Lọ́jọ́ kan, Mandela, Meer, Singh àti Bhoola ń kánjú lọ sí Kholvad House, ni wọ́n bá wọ tráàmù, ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàrin ìgboro. Òfin gba ará Íńdíà láyè láti wọ̀ ọ́. Kò gba Mandela láyè.

Kọ̀ndọ́kítọ̀ bú Mandela, ó sì sọ fún àwọn yòókù pé ọ̀rẹ́ wọn kò gbọdọ̀ wọkọ̀ náà. Wọ́n fárígá. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó pe ọlọ́pàá, wọ́n sì kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí àgọ́.

Àwọn mẹ́ta lè ní kí ẹnìkan sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bram Fischer ló gbèjà wọn ní kóòtù. Adájọ́ àgbà ní ìpínlẹ̀ Orange Free State ni bàbá rẹ̀, Mandela sì ní ó jọ pé orúkọ ìdílé náà ba adájọ́ lẹ́rù. Kíá ni wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún?

Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn wọ̀nyí gbìyànjú.

Ní 1963, wọ́n gbé Mandela àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù ní Pretoria, nínú ẹjọ́ Rivonia tó lè já sí ikú. Bram Fischer ló ṣáájú àwọn agbẹjọ́rò wọn, George Bizos sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1964, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún wọn dípò ikú.

Ọ̀rẹ́ náà ná wọn ní nǹkan. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Fischer fúnra rẹ̀ lọ́dún 1966. Bọ́ǹbù tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà pa Ruth First ní Maputo lọ́dún 1982.

Kí ló dé tí ìjọba fi bẹ̀rù ọ̀rẹ́?

Lọ́dún 1959, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ Wits àti irú fásitì bẹ́ẹ̀ mọ́ láìgba ìyọ̀ǹda mínísítà. Wọ́n dá fásitì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Ìwé kíkà nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ pín. Ẹni tí kò bá bá ẹnìkejì jẹun, tí kò bá a jó, tí kò sì sùn sílé rẹ̀ rí, ó rọrùn láti sọ fún un pé ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn.

Òfin náà ti kógbá sílé. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó bá wọ Wits lè gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, kó sì wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tó bá wù ú.

Ní ti Mandela, kò gba oyè LLB ní Wits. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá, ó sì di 1989, nígbà tó ṣì wà lẹ́wọ̀n, kó tó gba oyè náà láti fásitì UNISA.

Ohun tó rí gbà ní Wits ni àwọn tó dúró tì í ní kóòtù lọ́jọ́ tí ikú ń bẹ níwájú rẹ̀.